Okùn Tí Eldon Kò Fẹ́ Pààrọ̀

Okùn ìwọ̀ ni Eldon Saari wá rà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Ká ní mo mọ ohun tí ojú mi máa rí nítorí okùn yẹn ni, ǹ bá ti sọ fún un pé ọjà ti tán.

Yìnyín orí adágún ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ tán ni. Ní ọ̀dọ̀ wa, kí ìjọba tó ṣí ẹja pípa ní oṣù Karùn-ún, gbogbo ilé ló máa ń tú okùn àtijọ́ kúrò lára kẹ̀kẹ́ ọ̀pá ìwọ̀, wọ́n á ká tuntun sí i. Ojú ẹni tí kò wẹ̀ kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń wo ẹni tí kò bá ṣe é.

"Ṣé ẹ lè bá mi ká a?" ni Eldon wí. Kò tilẹ̀ wo ojú mi.

Ẹni méjì ló ń ká okùn kó tó dáa. Òun ń yí kẹ̀kẹ́, èmi fi aṣọ tútù di okùn mú láàárín ìka mi kó má baà dẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yí i, bí ẹni tí kò fẹ́ kí iṣẹ́ tán. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹja á ti darúgbó kí ẹ tó parí." Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá mi.

Mo fẹ́ràn Eldon. Ó ń kan ọkọ̀ ojú omi onípákó, ó máa ń la igi ìdáná fún ìyá mi láìjẹ́ pé wọ́n rán an, tí mo bá sì ń sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́. Bí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀ báyìí, inú mi á dùn. Àbùkù kan ló ní: kò pààrọ̀ okùn náà mọ́.

Ọdún yípo, kò pààrọ̀ ẹ̀. Mo ní, "Olólùfẹ́ mi, oòrùn ti jẹ okùn yẹn. Ẹni tó ń pẹja lójoojúmọ́ máa ń pààrọ̀ ẹ̀ léraléra. Ìwọ tí o ń lọ ní ìparí ọ̀sẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ti tó."

"Mo gbọ́, ìfẹ́ mi."

Ọdún tún yípo. Okùn náà ti ṣá, ó ń lọ́ pọ̀ bí irun tí wọn ò yà. Mo fún un ní tuntun nígbà Kérésì, ó dúpẹ́ gan-an, ó sì fi sínú àpótí. Mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, àṣé ẹ̀yìn igbá ni mò ń yín àgbàdo sí. Ẹja ń já lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Níbi tí wọ́n ti ń mu kọfí, wọ́n ti sọ ọ́ ní Eldon Ó-Já-Lọ.

Bàbá mi, Urho, ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ bàbá mi ni kí wọ́n máa mú àlejò lọ pẹja, wọn kì í sì í fẹ́ gbọ́ pé ẹja kan gbé ìwọ̀ lọ lẹ́nu. Wọ́n ní ìyà ni wọ́n fi jẹ ẹja náà.

"Aune, ọkùnrin tí kò lè tọ́jú okùn ọwọ́ ẹ̀, ṣé òun ló máa tọ́jú ẹ?"

Mo bẹ̀ wọ́n, bẹ̀ wọ́n, títí wọ́n fi gbà pé àwọn á mú un dání lọ́jọ́ ìṣísílẹ̀. Tó bá ṣe bí èèyàn gidi lórí omi, kó wá tọrọ mi. Mo sáré lọ bá Eldon. Mo ní, "Jọ̀ọ́, pààrọ̀ okùn. Mi ò bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan míì láyé yìí." Ó dorí kodò, ó ní, "Á dáa."

Kò dáa. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ wà nínú ọkọ̀ bàbá mi lọ́jọ́ náà. Ẹja olójú dídán kan gbé ìwọ̀ rẹ̀ mì, ńlá, mo rí ẹ̀yìn ẹ̀ lójú omi. Bàbá mi ti na àwọ̀n sílẹ̀ dè é. Okùn já.

Bàbá mi mú èyí tó kù, wọ́n fà á láàárín ìka, ó tún já.

"Ọdún wo lo ti ń lo èyí?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti rà á lọ́dọ̀ yín ni, sà."

Wọ́n yí ọkọ̀ padà. Bí a ṣe gúnlẹ̀ báyìí, wọ́n ní, "Má ṣe dé ilé mi mọ́."

Mo sunkún, ṣùgbọ́n ìbínú ló pọ̀ jù nínú ẹkún yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú àlùmọ́gàjí, mo gba ibi iṣẹ́ Eldon lọ. Mo ní, "Èmi àti ìwọ ti parí. Àmọ́ kí n tó lọ, n ó gé okùn burúkú yìí dànù."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo kẹ̀kẹ́ náà. "Aune, má gé e."

"Nítorí kí ni?"

Ó fa kẹ̀kẹ́ náà mọ́ àyà. "Ìwọ lo dì í mú lọ́jọ́ tá a ká a. Kò síbi kankan lára ẹ̀ tí kò gba àárín ìka ẹ kọjá."

Mo jókòó sórí pákó. Kí lèèyàn fẹ́ ṣe fún irú ẹ̀dá báyìí?

"Eldon, nítorí ìka mi lo ṣe jẹ́ kí bàbá mi lé ẹ? Ìka náà rèé. Ọwọ́ mi ló wà. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé e wá bá ẹ."

"Mo rò pé tí mo bá sọ, wàá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

"Gbogbo ìlú ló ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ gbé tuntun yẹn wá."

A tú èyí tó gbó kúrò, a ṣẹ́ díẹ̀ kù ní ìdí kẹ̀kẹ́, níbi tí oòrùn ò dé, tí ẹja kankan ò lè fa okùn dé. Ó so tuntun mọ́ ọn. Mo fi aṣọ tútù dì í mú, ó ń yí i.

"Tó bá di ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"N ó tún dì í mú."

"Ìyẹn tó tún tẹ̀ lé e?"

"Ṣé o ń tọrọ mi ni, àbí kàlẹ́ńdà lò ń kà?"

"Mò ń tọrọ ẹ," ni Eldon wí.

Mo ròyìn gbogbo ẹ̀ fún bàbá mi. Wọ́n mu kọfí wọn tán kí wọ́n tó fèsì. "Òmùgọ̀ ni," ni wọ́n wí. Wọ́n tún bu kọfí. "Mo ti ń pè é ní ọ̀lẹ látọjọ́ yìí, àṣé kì í ṣe ọ̀lẹ. Sọ fún un kó máa bọ̀."

A ṣègbéyàwó kí adágún tó dì. Ẹ má rò pé wàhálà mi ti tán o. Ọdún ti yípo báyìí, ní àná, Eldon gbé kẹ̀kẹ́ wá bá mi ní ilé ìdáná, ó ní okùn ti gbó, okùn tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, Eldon." Ó ní oòrùn ti jẹ ẹ́. Òjò ló sì ń rọ̀ látàárọ̀. Mo wò ó, mo sì lọ rẹ aṣọ sínú omi.