Páìpù Fíríìjì Kì í Ṣe Páìpù Bíréèkì

"Ọkọ̀ yìí ò ní kúrò níbí lónìí!"

Nereida ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì fìdí kalẹ̀ síwájú ọkọ̀ àtijọ́ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún òun àti Osmel, àbúrò rẹ̀. Ọkọ̀ náà ju àwọn méjèèjì lọ lọ́jọ́ orí. Òun ni Osmel fi ń kó èrò láti orí òkè Boniato sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìlú Santiago. Òórùn ọṣẹ tó ń jáde lábẹ́ rẹ̀ ló mú kí Nereida bẹ̀rẹ̀ wò ó, ohun tó rí sì bà á lẹ́rù.

"Àǹtí mi, ẹ má dójú tì mí níwájú èrò," ni Osmel wí. "Ṣebí ọkọ̀ yìí náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé gòkè dé?"

"Gígun òkè kọ́ lẹ̀rù, sísọ̀ ni! Ta ló ní kó o fi páìpù fíríìjì ṣe páìpù bíréèkì?"

"Ta ni ò ṣe é ládùúgbò yìí? Níbo la ti fẹ́ rí tuntun?"

"O tún wá gbé e gba ẹ̀gbẹ́ sàlẹ́ńsà tó gbóná bí ààrò, o fi wáyà so ó! Kí lo dà sínú ẹ̀?"

Osmel wolẹ̀. "Ọṣẹ ìfọrun ni. Ọìlì bíréèkì ti wọ́n jù."

"Ọṣẹ kẹ̀! Irun ta lo fẹ́ fọ̀?"

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Zoraida, tó gbé ọmọ sẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀, ò bá wọn rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ jàre! Obìnrin yìí mà lágídí o!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mo lágídí. Osmel, tẹ bíréèkì yẹn. Tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

Osmel fi ìbínú tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ títí ó fi kan ilẹ̀ ọkọ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, bíréèkì ò dá a lóhùn. Lábẹ́ ọkọ̀, ìfófòó ọṣẹ gbígbóná bẹ̀rẹ̀ sí í kán sílẹ̀.

Zoraida ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. "Kójú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀," ló wí, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Osmel yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. "Àǹtí mi, ǹ bá ti pa wọ́n."

"Ìwọ náà ì bá bá wọn lọ. Bọ́ sílẹ̀, ká tú u."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ àtijọ́, ẹ gbọ́ o. Páìpù tí wọ́n ṣe fún bíréèkì nìkan ni kẹ́ ẹ lò. Páìpù bàbà ti fíríìjì ò lágbára tó. Ẹ gbé páìpù bíréèkì jìnnà sí sàlẹ́ńsà àti ohunkóhun tó ń yí, kẹ́ ẹ dè é mọ́ ara ọkọ̀ dáadáa kó má máa ha. Páìpù rọ́bà ti bíréèkì ló yẹ níbi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti ń yí. Ọìlì bíréèkì gan-an ni kẹ́ ẹ dà sí i, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Páìpù tó bá dípẹtà tàbí tó ń jò, ẹ má lẹ̀ ẹ́, ẹ yọ ọ́ dànù. Bí ẹ ò bá tíì rí tuntun, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró, ẹni tó bá fẹ́ kó bú yín. Ẹ̀mí ò láàrọ̀.

Alágídí ni wọ́n ń pe Nereida lórí òkè Boniato títí dòní. Àbúrò rẹ̀ ló ń pè é bẹ́ẹ̀ jù.