Ìgò Kẹsàn-án

Bí ọmọbìnrin tó ń yẹ omi wò ṣe ṣílẹ̀kùn yàrá ìwọ̀n, atẹ́gùn tẹ̀ lé e wọlé, ó sì gbọn ìyẹ̀fun fàdákà tó wà lórí ìwọ̀n dànù.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn,” ni ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ wí. “Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lẹ gbọ̀n dànù yẹn.”

“Mi ò kúkú rí nǹkan kan nílẹ̀.”

“Bó ṣe kéré tó nìyẹn. Ẹ má fojú di í o. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.”

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rín àfọwọ́bò, inú lọ́hùn-ún ló ti ń wá, òun ló sì kó sọ́kùnrin náà lórí. Láti ọjọ́ náà ni ọmọbìnrin náà ti sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́, kò sì pẹ́ tí gbogbo ilé ìwádìí fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ Abẹ́rẹ́ àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni láti lẹ ìyẹ̀fun fàdákà tí ojú lásán kò lè rí mọ́ inú asẹ́, kó lè máa pa kòkòrò àrùn inú omi táwọn ọmọléèwé ń mu. Iṣẹ́ ọmọbìnrin náà ni láti mọ̀ bóyá ìyẹ̀fun ọ̀hún dúró sínú asẹ́, àbí ó ń bọ́ sínú omi. Kó má baà ṣojúsàájú, nọ́ńbà nìkan ni wọ́n ń kọ sára ìgò omi tó ń ti inú asẹ́ wá sọ́dọ̀ rẹ̀; ọ̀gá wọn àti ẹni tó ṣe asẹ́ náà nìkan ló mọ ẹni tó ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjèèjì sì ti ṣàdéhùn pé ọ̀rọ̀ ìgò ò gbọdọ̀ dé ìdí oúnjẹ.

Ìfẹ́ wọn dùn. Ìyá Abẹ́rẹ́ ti ń pe ọmọbìnrin náà ní ìyàwó mi, ẹbí méjèèjì sì ti fẹnu kò lórí ìgbéyàwó.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń jẹun nílé ìyá yìí, ẹnu yá ọmọbìnrin náà.

“Ìfẹ́ mi, jẹ́ n rú òfin lẹ́ẹ̀kan péré. Ìgò kẹsàn-án yẹn, fàdákà ń yọ́ jáde níbẹ̀ bí iyọ̀ inú omi. Ẹni tó ṣe é, ṣé ojú oorun ló ti ṣe é ni?”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Ó bu omi fún un, ó ní, “Rọra, kó má pá ọ lórí.”

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá wọn ka orúkọ ẹni tó ni ìgò kọ̀ọ̀kan síta, ọmọbìnrin náà wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ ló ni ìkẹsàn-án. Bó ṣe ń jáde, ọmọbìnrin náà sáré tẹ̀ lé e.

“O mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kí ló dé tí o ò sọ?”

“Kí n sọ kọ́wọ́ rẹ wá máa gbọ̀n nídìí àyẹ̀wò? Àwọn ọmọ ló máa mu omi yẹn. Ká ní o bò ó mọ́lẹ̀ fún mi ni, ǹ bá má fẹ́ ọ mọ́.”

“Ṣé o ṣì máa fẹ́ mi báyìí?”

Abẹ́rẹ́ kọjú sí i. “Àṣìṣe mi tí o rí ò dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ ni mo kọ́kọ́ fẹ́, ayanfẹ́ mi. Ní báyìí, tí o bá ti rẹ́rìn-ín, ojú máa ń tì mí. Báwo la ṣe fẹ́ gbé ilé bẹ́ẹ̀?”

Ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà ní ọ̀nà àtisá lásán ni ọkùnrin yẹn ń wá. Ọmọbìnrin náà mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló tún bà á lọ́kàn jẹ́ jù. Nígbà tó gbọ́ pé Abẹ́rẹ́ ti gba iṣẹ́ sí ìlú mìíràn, ó gba ilé ìyá ọkùnrin náà lọ.

“Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, Mà.”

Ìyá náà fà á jókòó. “Mo ti bẹ̀ ẹ́, ìyàwó mi. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ohùn mi fi há. Ó ní òun ò bínú. Mo sì wò ó lójú, lóòótọ́, kò bínú.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. “Ẹni tó bá ń bínú là ń bẹ̀. Kí là ń ṣe fún ẹni tí ò bínú?”

Ọmọbìnrin náà gbórí lé e lẹ́sẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ìyá náà ò sọ fún un pé kó dákẹ́.