Gìtá tí Bàbá Síkírù Fá ní Ẹ̀pẹ́

Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wọkọ̀ lọ sí Ìkòròdú, kó béèrè ilé Olúṣèyí oní-béèsì. Ọkùnrin náà ṣì wà láàyè. Ìyàwó rẹ̀ náà wà. Wọn kì í fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà fún àlejò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n, wọn ò ní sọ pé kò ṣẹlẹ̀.

Ọdún 2003 ló bẹ̀rẹ̀. Olúṣèyí ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ adójútòfò kan ní Èkó. Ìdájí ló ń jáde nílé, ilẹ̀ á ti ṣú pátápátá kó tó wọlé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tó jẹ́, ẹ má bi í léèrè iṣẹ́. Ẹ bi í léèrè gìtá. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti fi ń ta gìtá béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì, tọ́rọ̀ bá sì ti kan gìtá, ẹ wá àga jókòó, torí kò ní í tètè tán. Ó ní gìtá tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe lọ́pọ̀ yanturu, bí aṣọ òkìrìkà ni: ó lè bá ọ mu o, ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ni wọ́n rán an fún. Ó ní ẹ̀tàn ni ampilifáyà kékeré tó ń pariwo. Sípíkà ńlá kan ṣoṣo, oní-íǹṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lòun gbà gbọ́. Àwọn tó ń to sípíkà kéékèèké mẹ́rin pọ̀ nítorí béèsì, ó ní wọ́n ń fi ṣíbí gbọ́n ọ̀sà. Etí kọ́ ni wọ́n fi ń gbọ́ béèsì, inú ni.

"Ẹ ò bá kúkú ti fẹ́ gìtá," ni Fọláwùmí ìyàwó rẹ̀ máa ń wí.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń bá àwọn oníjùjú ṣeré ló júwe Bàbá Síkírù fún un. Ọkọ̀ apẹja ni bàbá náà ń kàn létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bó bá rí igi tó wù ú, ó máa ń ṣe gìtá. Kì í wo ìwé, kì í sì í fi tépù wọn ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ni gìtá ni yóò wá fẹ̀yìn ti pákó náà nígbà tó ṣì nípọn. Bàbá á na okùn kan sí i, á máa ta á, á máa fi ìfági fá igi náà díẹ̀díẹ̀, títí ohùn á fi wọ àyà ẹni tó fẹ̀yìn tì í. Bó bá ti wọ̀ ọ́, ó parí nìyẹn. Ohun tí wọ́n bá ti fá kúrò lára igi, kò sí ẹni tó lè dá a padà.

Ọjọ́rú kan nínú oṣù kẹjọ ni bàbá dá fún Olúṣèyí. Ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì kọ̀ jálẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ títí, ọ̀gá ní kó yan èyí tó bá wù ú, iṣẹ́ tàbí gìtá. Fọláwùmí wà nílé ní tirẹ̀, torí olùkọ́ ni, ilé ìwé sì ti gba ìsinmi.

"Bá mi lọ dúró," Olúṣèyí ní. "Ṣebí ara kan náà ni tọkọtaya."

"Èmi tí n ò mọ gìtá?"

"O kàn máa dúró ni. Wàá sì ra ẹja bọ̀."

Ohun kan wà tí àwọn méjèèjì nìkan mọ̀. Fọláwùmí ti lóyún oṣù mẹ́ta. Méjì ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára ṣáájú, méjèèjì ló sì jẹ́ pé wọn ò tíì sọ fún èèyàn tán tó fi bàjẹ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n ti jọ pinnu pé ẹnikẹ́ni ò ní í gbọ́ ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí, àní ìyá Olúṣèyí tó wà ní Ìmọ́tà pàápàá, àfi bí ikùn bá fúnra rẹ̀ sọ. Wọ́n fẹ́ ọmọ náà. Wọ́n fẹ́ ẹ débi pé wọn kì í dárúkọ rẹ̀ nínú ilé.

Ọ̀sà pa lọ́lọ́ lọ́jọ́ náà. Kò sí afẹ́fẹ́. Fọláwùmí bọ́ bàtà, ó fẹ̀yìn ti pákó. Mùlíkátù, ọmọ bàbá, di pákó náà mú lápá kejì. Bàbá Síkírù ta okùn lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró.

"Ìyàwó, ṣé ìwọ nìkan ni?"

Fọláwùmí rò ó. Ọ̀rọ̀ tí wọn ò sọ fún ìyá ọkọ, ṣé gbẹ́nàgbẹ́nà ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ?

"Èmi nìkan ni, sà."

Bàbá tún ta okùn. Ó tẹ́tí sí i.

"Ṣó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, bàbá."

Ó gbé ìfági. Iṣẹ́ tó máa ń gbà á láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ìgbà méje péré ló fá a. Ó gbé ìfági sílẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ó ti dáhùn," ó ní. "Ó yá jù."

Fọláwùmí ra ẹja, ó gba ilé lọ. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé gbogbo ẹ̀ ti parí. Kò sọ fún un pé àyà kọ́ ni ohùn náà wọ̀. Ìsàlẹ̀ àyà ni.

Ìparí oṣù kẹwàá ni gìtá dé, pẹ̀lú okùn mẹ́rin, igi rẹ̀ sì pupa rẹ́súrẹ́sú. Ọrùn rẹ̀ bá ọwọ́ Olúṣèyí mu bí ẹni pé wọ́n jọ dàgbà ni. Ó so ó mọ́ sípíkà ńlá rẹ̀ ní pálọ̀, ó ta okùn tó nípọn jù. Ife orí tábìlì gbọ̀n. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kò sí ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, kò sí ọ̀kan ní Jàpáànù, tó lè ṣe irú èyí.

Fọláwùmí ké ní yàrá. Olúṣèyí sáré wọlé.

"Ó sọ!" ló ń wí. "Ọlẹ̀ sọ nínú mi!"

Wọ́n dìmọ́ ara wọn, wọ́n sunkún, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó padà lọ ta gìtá. Ó tún sọ. Ìdùnnú ọjọ́ yẹn, ẹ má bi mí.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí Fọláwùmí tó fura.

"Ìgbà tí ẹ bá ń ta á nìkan ló máa ń sọ."

"Ọmọ bàbá ẹ̀ ni," Olúṣèyí ní, ó ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ iná àdúgbò wọn jóná. Epo bẹtiróòlù ò sí nílé epo. Iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ ò ṣiṣẹ́, Olúṣèyí á dé pẹ̀lú àárẹ̀, á sùn. Ọjọ́ kẹta, ó bá ìyàwó rẹ̀ létí ibùsùn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí ikùn.

"Kò sọ láti ìjẹta."

Wọ́n gba ilé ìwòsàn lọ. Nọ́ọ̀sì gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ ọmọ sí ikùn rẹ̀, ó tẹ́tí.

"Ó wà. Ṣùgbọ́n ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń sùn lọ."

Nígbà tí wọ́n délé, Olúṣèyí kan ilẹ̀kùn aládùúgbò, ó sì fa wáyà láti ibẹ̀. Ó ta gìtá. Ọmọ tapá lẹ́ẹ̀mẹta. Tọkọtaya wo ara wọn.

Láti ọjọ́ náà, á ta á kó tó jáde, á ta á bó bá dé. Bó rẹ̀ ẹ́, á ta á. Bí ara rẹ̀ ò yá, á ta á. Ohun tó fẹ́ràn jù láyé ti di ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kejìlá, Fọláwùmí nìkan ló wà nílé. Iná ti lọ. Gbogbo àdúgbò dákẹ́. Ó ń ṣa ìrẹsì lórí àtẹ nígbà tí ọmọ sọ. Ó sọ lẹ́ẹ̀kejì. Inú Fọláwùmí dùn, torí kò sí ẹni tó ta gìtá. Ó dìde lọ sí pálọ̀ láti mu omi.

Gìtá wà níbi tí wọ́n gbé e tì. Okùn tó nípọn jù ń gbọ̀n.

Fèrèsé wà ní pípadé. Ampilifáyà kú. Okùn náà ń gbọ̀n, ó ń dúró, ó ń gbọ̀n. Fọláwùmí na ìka kan sí i, ó fi dá a dúró. Ọmọ inú rẹ̀ dúró.

Ó ká ìka rẹ̀ kúrò kíá.

Nígbà tó ròyìn rẹ̀ fún Olúṣèyí, ìyẹn ò sùn mọ́jú. Ọjọ́ Sátidé, ó fi aṣọ wé gìtá.

"Ẹ má gbé e lọ," Fọláwùmí ní.

"Ẹni tó dì í ló lè tú u."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e jìnnà sí mi."

Kò gbọ́. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ràn. Ó wọkọ̀ ní gáréèjì, ó gbé gìtá lé itan bí ẹni gbé aláìsàn. Wọ́n kọjá Ìmọ́tà, wọ́n kọjá ọ̀nà Agbówà. Kò gbé e kúrò lórí itan títí wọ́n fi dé Ẹ̀pẹ́.

Bàbá Síkírù wà lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, láàárín èérún igi. Olúṣèyí dọ̀bálẹ̀, ó tú aṣọ kúrò. Bàbá ò fọwọ́ kàn án.

"Oyún wà nínú ìyàwó rẹ lọ́jọ́ tó wá?"

"Ó wà, bàbá."

"Mo bi í. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi í."

"Ẹ̀rù ló bà á. Ẹ bá mi fá a. Ẹ fá a títí á fi kúrò lára ọmọ mi."

"Ẹ̀rù ba èmi náà," bàbá ní. "Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń fá igi. Igi kan ò dá mi lóhùn rí kí n tó béèrè. Bí mo bá fi irin kàn án báyìí, n ò mọ ohun tí mo máa gé."

Ibi tí wọ́n bá a dé nìyẹn tí fóònù Olúṣèyí fi dún. Fọláwùmí ni. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Kò sọ mọ́. Láti ìgbà tí ẹ ti jáde. Inú mi tutù."

"Fọlá, Ẹ̀pẹ́ ni mo wà."

"Ẹ ta á níbẹ̀! Ẹ ṣáà ta á!"

"Gbé fóònù lé ikùn. Má sọ̀rọ̀."

Olúṣèyí tó máa ń sọ pé ẹ̀tàn ni ampilifáyà kékeré, ó gbé fóònù tí kò ju ọṣẹ lọ lé ara igi. Ó ta okùn. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún ta á. Ojú ọ̀sà funfun, kò mì. Mùlíkátù ń gbàdúrà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ta á lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin. Ó ń wí nínú ara rẹ̀ pé, Olúwa, ẹ gba gìtá, ẹ gba ọwọ́ mi méjèèjì, ẹ fi ọmọ yìí sílẹ̀.

Ẹkún Fọláwùmí jáde látinú fóònù.

"Ó sọ. Ó ti sọ."

Fóònù já. Olúṣèyí gbé ọwọ́ kúrò lára okùn. Okùn ò dúró. Bàbá Síkírù àti ọmọ rẹ̀ fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi kúrò lábẹ́ àtíbàbà.

"Máa gbé e lọ," bàbá ní láti òkèèrè. "Má jẹ́ kí ọ̀nà jìn láàárín wọn mọ́."

Oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọmọ náà wá sáyé. Olúṣèyí gbé gìtá dání lọ sílé ìwòsàn, ó jókòó tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ń fi í ṣẹ̀sín pé ṣé ibẹ̀ ló ti fẹ́ ṣeré. Kó tó fọwọ́ kan okùn kankan, ó gbọ́ ẹkún. Ẹkún gidi, ẹkún ọmọ tí ebi ń pa. Ó dojú bolẹ̀ níbẹ̀, kò tijú ẹnikẹ́ni.

Wọ́n sọ ọ́ ní Ayọ̀midọ̀tun. Olúṣèyí ò ta gìtá lọ́jọ́ kìíní. Ó ń ṣọ́ ọmọ. Ọmọ ń mu ọyàn. Kò ta á lọ́jọ́ kejì, kò ta á fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ ń tapá, ọmọ ń ké, ọmọ ń yàgbẹ́. Nígbà tí oṣù méjì pé, ó mí kanlẹ̀. Ó ní ó ti tán. Ó ránṣẹ́ sí Fàwáz, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ta béèsì ní Agbówà, pé kó wá gbé gìtá, òun fi ta á lọ́rẹ.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni Fàwáz dé. Ìyá Olúṣèyí ti pọn ọmọ sẹ́yìn, ó ń rìn ká níta, ọmọ ti sùn. Fàwáz tú aṣọ. Ó yin igi, ó yin ọrùn. Ó gbé e mọ́ra. Lójijì ló tún sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ń gbọ̀n o."

"Kí ló ń gbọ̀n?"

Fàwáz ti dé ẹnu ọ̀nà.

Fọláwùmí jáde láti yàrá. Kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Ó kúnlẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ara igi náà, ó sì dijú. Ó pẹ́ níbẹ̀. Olúṣèyí yọjú lójú fèrèsé. Ayọ̀midọ̀tun ń sùn lẹ́yìn ìyá àgbà, orí rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń fì jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ṣé òun ni?" ó béèrè.

Fọláwùmí mi orí. Omi ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lára igi.

"Òun kọ́. Òun kì í tapá báyìí."

"Ta wá ni?"

"Ẹ ta á fún un," Fọláwùmí ní. "Ó ti tó oṣù méjì tí ẹ ò ta á. Kí lẹ rò pé ó ń jẹ?"

Olúṣèyí jókòó. Ó gbé gìtá lé itan. Kò mọ ẹni tó ń ta á fún, ṣùgbọ́n ó ta á.