Bátìrì Tí Kò Tíì Tutù Dénú

Ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ọkùnrin náà wọ̀ wọ yàrá òtútù lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ ríra. Wọ́n ti sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà pé kó mú kóòtù, ó ní òun kì í ṣe ọmọdé. Kò pẹ́ tí eyín rẹ̀ fi ń lu ara wọn, tí imú rẹ̀ ń ṣomi, síbẹ̀ ó ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò.

Obìnrin tó ń darí yàrá náà wò ó tòkè-tilẹ̀, ó pòṣé. Ìyá Òtútù ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Òun ló ń dán bátìrì ọkọ̀ oníná wò, bóyá á ṣì lè gbé ọkọ̀ rìn nígbà tí omi bá ń di yìnyín. Ọkùnrin yìí ni ọ̀gá tuntun níbi ìpolówó, irú àwọn tó máa ń wo ara wọn nínú dígí ọkọ̀ kí wọ́n tó kí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀.

Obìnrin náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ má bi mí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin náà ń wá ṣáá, ó ń béèrè ìbéèrè òpònú, ó ń gbé tíì gbígbóná wá, ó ń pè é ní "adúmáadán mi" lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Ó ń pa á lẹ́rìn-ín, ó sì ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pa á lẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́. Ojú ń ti obìnrin náà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn.

Ní ti ìyá obìnrin náà, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọjọ́ tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ wá kí wọn nílé, ó fọ abọ́ tó fi jẹun. Abọ́ kan ṣoṣo. Abọ́ yẹn ni ìyá ń ròyìn kiri àdúgbò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní kí ló tún ń wá, ṣé áńgẹ́lì ló fẹ́ fẹ́ ni? Bí wọ́n ṣe dá ọjọ́ ìgbéyàwó nìyẹn.

Ìgbà náà ni àwọn oníbàárà kan dé. Ọkọ̀ tí á máa gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn ni wọ́n fẹ́ rà, fún àwọn ìlú orí òkè tí yìnyín ń bo ọ̀nà wọn. Ìyá Òtútù ti kìlọ̀ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pé bátìrì náà kò tíì dáa. Bó bá sun yàrá òtútù mọ́jú, agbára rẹ̀ kì í tó ìdajì mọ́. Ọkùnrin náà ní òun ti gbọ́.

Ó gbọ́ lóòótọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wá wò ó, ó ní kí wọ́n yọ bátìrì mìíràn lẹ́nu ṣájà, gbígbóná bí búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kí wọ́n tì í sínú òtútù fúngbà díẹ̀. Ara bátìrì náà funfun, yìnyín bò ó. Wọ́n tàn án, ó ṣiṣẹ́ bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀rùn la wà. Àwọn oníbàárà ń pàtẹ́wọ́, ọ̀gá ìpolówó sì ń tẹrí ba kiri bí ẹni tó dá iná mànàmáná sílẹ̀.

Ariwo ìpàtẹ́wọ́ yẹn ni Ìyá Òtútù wọlé bá. Ó wo ojú ẹ̀rọ tó ń sọ bí inú bátìrì ṣe gbóná tó. Inú bátìrì náà ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ọkùnrin náà fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Olólùfẹ́ mi, jọ̀ọ́, dákẹ́ ná. Torí àwa méjèèjì ni. Ta ló máa mọ̀?"

"Obìnrin tó bá ń rọbí lójú ọ̀nà orí òkè ló máa mọ̀."

Ó yíjú sí àwọn oníbàárà, ó tú àṣírí bátìrì gbígbóná náà fún wọn, ó ní kí bátìrì náà sun inú yàrá mọ́jú kí wọ́n tó padà wá. Wọ́n padà wá. Ọkọ̀ náà kò rìn jìnnà. Wọ́n kí i pé ó ṣeun, wọ́n bá tiwọn lọ.

Nígbà tí ọkùnrin náà bínú tí kò yọjú mọ́, ìyá obìnrin náà sunkún bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í léèrè bóyá bátìrì ló máa fẹ́. Obìnrin náà kàn ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ń ro ọkùnrin náà, àárò rẹ̀ ń sọ ọ́, ó sì ti pinnu pé bó bá wá bẹ̀bẹ̀, òun á dárí jì í.

Ọkùnrin náà wá. Ó jókòó sí pálọ̀ ìyá rẹ̀, lọ́fínńdà rẹ̀ gba gbogbo ilé, ó mí kanlẹ̀.

"Mo ti dárí jì ẹ́," ló sọ. "O dójú tì mí o, ṣùgbọ́n mo ti gbàgbé ẹ̀."

Ìyá nu ojú rẹ̀. "Ṣé o rí ọmọ gidi, ọmọ mi?"

"Mo rí i, Màmá." Obìnrin náà bọ́ òrùka àdéhùn ìgbéyàwó ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó kọjú sí ọkùnrin náà. "Gbólóhùn kan péré ni mo ń retí lẹ́nu rẹ. Ká ní o sọ ọ́, ǹ bá fẹ́ ọ."

"Gbólóhùn wo?" ni ọkùnrin náà bi í. "Kí ni mo tún ṣe?"

Obìnrin náà wo ojú rẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe pé ó ń díbọ́n, kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú obìnrin náà, nítorí ó ṣì fẹ́ràn rẹ̀, inú sì ń bí i sí ara rẹ̀ pé irú èyí ni òun fẹ́ràn. Ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn fún un.