Ẹni Tí Kò Béèrè Ohunkóhun

Láàárọ̀ Sátidé kan ní oṣù kejì ọdún 2017, Adéníjì dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Lugbe, ní Abuja, ó ń wo obìnrin kan bí ẹni ń wo ológbò tó wọ ibi ẹja. Obìnrin náà ò kúkú ṣe nǹkan kan. Gàníyátù lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ iná oòrùn, èyí tí à ń pè ní sólà, ló ń ṣe ní Idu. Rachael, ìyàwó Adéníjì, ló pè é wá. Ìwé kékeré kan ló mú dání, ó sì ń béèrè ọ̀rọ̀.

"Fíríìjì yín, sà, ṣé tọ̀sán-tòru ló máa ń ṣiṣẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ínsúlínì Màmá mi wà nínú ẹ̀. Abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà ni, kò gbọdọ̀ rí ooru."

"Fáànù ńkọ́? Tẹlifíṣọ̀n? Àsìkò wo ni kì í sí ẹnikẹ́ni nílé?"

Háà! Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ bàjẹ́ sí. Adéníjì ti ṣiṣẹ́ ìjọba fún ọdún mẹ́tàdínlógún, kò sì sí ìwé tó máa fọwọ́ sí láìyí i wò lẹ́ẹ̀mẹta. "Ta ló rán ẹ wá? Kí lo fẹ́ fi àsìkò tí a kì í sí nílé ṣe?"

"Ìṣirò ni, sà. Tí mi ò bá mọ iná tí ẹ ń lò lọ́sàn-án àti lóru, mi ò lè mọ iye bátìrì tó máa gbé e. Igi máńgòrò yẹn náà, láti aago méjì ni òjìji ẹ̀ á ti máa bo òrùlé."

"O tún ti wo òrùlé! Kai! Ó dàbọ̀ o."

Rachael bẹ̀bẹ̀ títí. Ọkọ rẹ̀ ní àwọn olè ló rán an wá wo bí ilé ṣe rí.

Láníyì ni Adéníjì wá pè. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn ní Abuja ni Láníyì, ọmọ Ẹ̀kìtì bíi tirẹ̀, ó sì ń ta ohun èlò sólà. Láníyì ò béèrè ohunkóhun. Ó rẹ́rìn-ín, ó gun òrùlé, ilẹ̀ ò tíì ṣú tí iná fi tàn. Nígbà tí Rachael ní kó kọ rìsíìtì, kó sì kọ iye ọdún tí bátìrì náà máa lò, Láníyì yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé láàárín èmi àti ẹ̀yin náà la ti ń gba rìsíìtì?"

Ojú ti Adéníjì. Ẹni tí wọ́n jọ ń kọ orin ìlú níbi ìpàdé! Ó ní kí ìyàwó òun lọ gbé omi tútù wá fún àlejò.

Inú wọn kọ́kọ́ dùn. Jẹnẹrétọ̀ tó ń tú èéfín sójú fèrèsé Màmá dákẹ́, ikọ́ ìyá náà sì lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pé oṣù kan tí Rachael fi ń rí omi nídìí fíríìjì láràárọ̀.

"Bàbá Hadassah, omi yìí ò yé mi o."

"Ìwọ ni o kì í ti ilẹ̀kùn ẹ̀ dáadáa."

Lẹ́yìn náà ni ṣúgà Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Lójoojúmọ́ ló ń gún abẹ́rẹ́, lójoojúmọ́ ló ń ga sí i. Adéníjì wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ bóyá ó á rí ìgò máàtì, ohun mímu aládùn. Ó fi ọ̀rọ̀ wá Hadassah, ọmọ rẹ̀, lẹ́nu wò, bóyá òun ló ń fún ìyá àgbà ní bisikíìtì. Àfi bó ṣe mú bírò, tó fi sàmì sára agolo ṣúgà, kó lè mọ ẹni tó ń bù ú. Màmá ká a mọ́ ibẹ̀.

"Adéníjì, ṣé èmi ni o wá ń ṣọ́ bí olè?" Omi lé ròrò sójú ìyá náà.

Adéníjì dá agolo náà padà sáyè ẹ̀. Kò gbà pé kì í ṣe ìyá òun ló ń bù ú.

Bàtà ha Màmá lẹ́sẹ̀, egbò náà kọ̀, kò san. Ní ọ̀sán ọjọ́ Túsìdeè kan, ó ṣubú ní ilé ìdáná. Ní ọsibítù, Dókítà Akínjídé gbé ìgò ínsúlínì náà sókè wò.

"Níbo lẹ ń tọ́jú eléyìí sí?"

"Inú fíríìjì ni, dókítà. Sólà ló ń gbé e."

"Ẹ wo àwọn ohun kéékèèké tó dì nínú ẹ̀. Ooru ti bà á jẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí omi lásán tí ẹ ń gún fún wọn."

Rachael ò tún gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó pe Gàníyátù. Obìnrin náà fi mítà rẹ̀ kan bátìrì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi èékánná ṣí bébà tó wà lára ọ̀kan. Bébà àtijọ́ wà lábẹ́ rẹ̀.

"Àlòkù ni gbogbo ẹ̀, sà. Tí òru bá ti jìn díẹ̀, ó ti kú. Ẹ̀yin sùn, fíríìjì náà sùn. Tí oòrùn bá yọ, á tún jí, ẹ ò sì ní mọ̀."

"Sólà ló pa wá lára," ni Adéníjì wí.

"Oòrùn ò ṣẹ̀ yín o. Ilé ìwòsàn ń fi tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára ní abúlé tí wáyà NEPA ò dé. Gbogbo ayé ló ń sá fún èéfín lọ sídìí oòrùn àti afẹ́fẹ́, kí àwọn ọmọ wa lè rí ayé gbé. Irú iṣẹ́ jìbìtì tí wọ́n ṣe fún yín yìí ló ń lé èèyàn padà sídìí jẹnẹrétọ̀."

Wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ méjì kúrò lẹ́sẹ̀ Màmá.

Níbi ìpàdé ẹgbẹ́, Adéníjì dìde, ó ro ẹjọ́. Láníyì rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn parí ẹ̀ nílé. Ni ẹnì kan bá dìde, ó ní bí tòun náà ṣe rí nìyẹn. Ẹlòmíràn dìde. Ìtìjú ni ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló kúkú wà. Ẹgbẹ́ yọ Láníyì nípò, wọ́n sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Nígbà tí Màmá padà dé, Adéníjì gbé agolo ṣúgà náà síwájú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì fi aṣọ nu àmì bírò náà kúrò.

"Ẹ dárí jì mí, Màmá."

"Mo ti dárí jì ọ́. Àmì tìrẹ parẹ́." Ìyá náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Tèmi ńkọ́?"

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ má bínú sí ẹni tó bá ń bi yín ní ohun tí ẹ ń fi iná ṣe. Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí kò béèrè ohunkóhun ni kí ẹ fura sí, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá yín. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá ń ṣe sólà fún yín fi mítà wọn bátìrì lójú yín, ẹ gba rìsíìtì àti ìwé ìdánilójú, ẹ má so sólà sábẹ́ òjìji. Tí oògùn bá wà nínú fíríìjì yín, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóru. Gàníyátù ti padà wá sílé Adéníjì pẹ̀lú ìwé kékeré rẹ̀. Ó tún béèrè àsìkò tí kì í sí ẹnikẹ́ni nílé, Adéníjì sì rọra dá a lóhùn.