Katakata Tó Kọ̀ Láti Kú

Bàlíkísù tún yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì katakata náà ń pòyì, ṣùgbọ́n kò gbiná. Dísù kún táǹkì, bátìrì sì lágbára. Ó wo ọ̀nà tó lọ sí abúlé Dakace títí, kò rí ẹnìkan.

Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti lọ tọ́jú ìyá àgbà ní Ìlọrin ló ti ń dá gbélé, tó ń dá túlẹ̀ oko wọn. Bí Bàbá bá pè, "Dáadáa ni" ló máa ń wí. Kò fẹ́ kó mọ̀ pé ilé náà ti dákẹ́ jù fún òun.

Ó pe Shamsudeen, ọmọ kíláàsì rẹ̀, lórí fóònù, ó ṣàlàyé fún un.

"Fáàfù tí iná bátìrì máa ń ṣí kí dísù lè kọjá ni kò ṣí," ni Shamsudeen wí. "Tú u, yọ irin inú rẹ̀. Epo á máa ṣàn fúnra rẹ̀."

"Ṣé kí n kọ́kọ́ bi Bàbá?"

"Haba! Ṣé ọmọdé ni ọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó yọ irin náà, ó fi sápò, ó sì dá fáàfù padà. Ẹ́ńjìnnì gbiná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó túlẹ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí.

Nígbà tó fẹ́ sinmi, ó pa kọ́kọ́rọ́. Katakata kò kú, nítorí irin tó máa ń dá epo dúró ti wà nínú àpò rẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀ láti wò ó, ó gbàgbé bíréèkì ọwọ́. Katakata bá yí gẹ̀rẹ́ wọ oko ata Ìyá Waheedat, aládùúgbò oko wọn.

"Wayyo Allah!" Ó sáré gùn ún, ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ata ti wó lábẹ́ táyà.

Kò lè gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Ẹ́ńjìnnì ń bú ramúramù, kò sí ẹni tó lè gbọ́ igbe rẹ̀. Níkẹyìn, ó pe Bàbá ní Ìlọrin.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe dáadáa o." Ó ṣàlàyé tẹkúntẹkún.

"Má bẹ̀rù. Má gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Tẹ kílọ́ọ̀ṣì, fi í sí jíà tó ga jù, kí o wá tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀."

Katakata ta gìrì, ó kú.

"Ó yá, dá irin náà padà. Kí o wá tọ wáyà fáàfù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

Lábẹ́ ìjókòó ló ti rí i pé eku ti jẹ wáyà já. Ó so ó pọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Fáàfù dún: kẹ́! Ó ti ṣí.

"Kí ló dé tí o kò tètè pè mí?" ni Bàbá bi í.

"Ẹ ti ní ìyá àgbà tí ẹ ń tọ́jú."

"Mo ní ìwọ náà."

Bàlíkísù lọ kúnlẹ̀ fún Ìyá Waheedat, ó jẹ́wọ́. Obìnrin náà bínú gidigidi, ó ní kó wá tún ata gbìn. Bó ṣe ń gbìn ín lọ́jọ́ kejì, ìyá náà gbé kunu, ohun mímu tí wọ́n fi ọkà ṣe, wá, ó jókòó tì í. "Sannu, o kú iṣẹ́, ọmọ mi. Mu díẹ̀ ná." Ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti jókòó ti Bàlíkísù bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ wá ibi tó ti bàjẹ́, ẹ má yọ ohun tó ń dáàbò bò yín. Bí ìdáwà bá sì wọ̀ yín lọ́rùn, ẹ má tìjú, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ràn yín.