Epo Tí Mo Ń Ṣọ́ Lò

"Bí omi yẹn bá dà, epo lo dà nù yẹn," ni bàbá mi wí.

Agolo mílíìkì tí omi kún ni wọ́n gbé síwájú mi nínú mọ́tò, wọn ò sì jẹ́ kí n gbé e kúrò títí mo fi wakọ̀ yípo Òrò-Àgọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún 1997 ni. Epo bẹntiróòlù ti dàwátì, èèyàn lè tò fún ọjọ́ méjì kó tó rí díẹ̀ rà. Bàbá mi, Ràímì onípíkọ́ọ̀pù, ti kán lọ́wọ́, kò sì sí ọmọ mìíràn nílé ju èmi Jàrátù lọ, ọmọ ọdún méjìdínlógún.

Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ epo lò. Kí n máa rọra tẹ mọ́tò, kí n tètè máa pààrọ̀ jíà, bí mo bá sì rí kòtò lókèèrè, kí n ti gbé ẹsẹ̀ kúrò, dípò kí n sáré débẹ̀ kí n tó wá tẹ bíréèkì. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mo sì ń fi í yangàn. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n kà léèwọ̀ fún mi. Nígbà yẹn, bí àwọn awakọ̀ wa bá dórí òkè, wọn á yọ mọ́tò kúrò nínú jíà sí fíríì, wọn á pa ẹ́ńjìnnì, ẹrù ẹ̀yìn á sì máa tì wọ́n lọ sísàlẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá mi ní àwọn ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ nípa mi láé.

Lọ́jọ́ Alàmísì kan, wọ́n ní kí n gbé Ìyá Àyìsátù àti iṣu wọn lọ sọ́jà Òmù-Àràn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Ìyá Àyìsátù, àwọn ni wọ́n tọ́ mi láti kékeré nígbà tí ìyá mi kú. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú epo wa la máa fi lọ sí Ìlọrin ní Sátidé, kí n lè ṣe ìdánwò JAMB. Àìrí mọ́tò wọ̀ ni kò jẹ́ kí n ṣe é lọ́dún tó ṣáájú. Mo wo géèjì, mo rí i pé epo náà kò lè tó.

Lórí òkè àkọ́kọ́, mo pa ẹ́ńjìnnì. Mọ́tò dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó ń yọ̀ lọ. Kí n má purọ́, inú mi dùn.

"Jàrátù, kí ló dé tí mọ́tò dákẹ́?" ni Ìyá Àyìsátù bi mí.

"Epo ni mò ń ṣọ́ lò, Ìyá."

"Ṣé bàbá rẹ mọ̀ sí i?"

"Bàbá ló kọ́ mi."

Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fa tẹ̀sùbáà wọn lọ.

A sọ̀kalẹ̀ lórí òkè kejì náà láìsí wàhálà. Ẹ̀kẹta ga ju méjèèjì lọ, odò kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí afárá rẹ̀ kò fẹ̀ ju mọ́tò kan lọ. Mo tún pa á. Iṣu tó wà lẹ́yìn tì wá, eré wá pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Mo tẹ bíréèkì, ó mú díẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó le bí òkúta. Ẹ́ńjìnnì ló ń ran bíréèkì mọ́tò wa lọ́wọ́; bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, agbára ẹsẹ̀ mi kò tó o. Ohun tí bàbá mi ń bẹ̀rù nìyẹn, n kò sì bi wọ́n rí. Mo fẹ́ ki jíà bọ̀ ọ́, ó kàn ń han gooro, kò wọlé. A kọlu igun afárá, mọ́tò sì dojú dé sínú odò.

Apá mi nìkan ló bó. Irin mọ́tò ti tẹ Ìyá Àyìsátù láyà. Àwọn àgbẹ̀ tó wà nítòsí sáré wá fà wọ́n yọ, wọ́n sì ń bú mi.

"Ẹ má bú ọmọ náà," ni Ìyá Àyìsátù wí. "Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú.

Onímọ́tò kan gbà láti gbé òkú náà, àmọ́ epo rẹ̀ kò lè dé Òrò-Àgọ́. Rọ́bà ni wọ́n fi fa èyí tó wà nínú táńkì wa. Ó ṣẹ́kù dáadáa. A sin Ìyá Àyìsátù kí oòrùn tó wọ̀.

Lẹ́yìn àdúà, Ẹ̀gbọ́n Abdulkadir, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Ìyá Àyìsátù bí, dìde láàárín ẹbí. Ó bi bàbá mi bóyá òótọ́ ni ohun tí àwọn àgbẹ̀ gbọ́ lẹ́nu ìyá òun, pé àwọn ni wọ́n kọ́ mi láti máa pa mọ́tò lórí òkè. Bàbá mi wò mí. Mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń dúró dè kí n sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo wo ilẹ̀.

"Òótọ́ ni," ni bàbá mi wí. "Èmi ni mo kọ́ ọ."

Láti ọjọ́ náà, Ẹ̀gbọ́n Abdulkadir kò bá bàbá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí ọwọ́ wọn san, kò sẹ́ni tó gbé ẹrù fún wọn. Ogún ọdún ni wọ́n ti fi wakọ̀ láìṣe ẹnikẹ́ni léṣe, síbẹ̀ àwọn ni ará ìlú wá ń fi ṣe àpèjúwe awakọ̀ burúkú. Ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n lò sí i kí wọ́n tó kú. Ọjọ́ tí a sin wọ́n ni mo tó jẹ́wọ́ fún Ẹ̀gbọ́n Abdulkadir. Ó sunkún, ó sì ní mo ti pẹ́ jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà nílé ẹ̀kọ́, bí àgbà bá ka nǹkan léèwọ̀ fún yín tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó dán an wò. Bí ẹ bá sì ti ṣìṣe, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹni tó ń ru ẹ̀bi yín ṣì wà láàyè.